Ojú òṣèré kì í hàn tí fíìmù bá ti di òru: báwo la ṣe ń tún àwòrán tẹlifíṣàn ṣe?

ỌmọAdó
Èkìtì kete, mo kí gbogbo yín o. Mo ra tẹlifíṣàn tuntun, 43 ínǹṣì, sí pálọ̀ wa ní Adó níbí. Nínú ṣọ́ọ̀bù tí mo ti rà á, àwòrán rẹ̀ ń dán gan-an, kò sí èyí tó tó o nínú gbogbo èyí tí wọ́n tò síbẹ̀. Ṣùgbọ́n látìgbà tó ti délé, fíìmù ò dùn ún wò lórí rẹ̀. Tó bá jẹ́ ọ̀sán nínú eré, ojú àwọn òṣèré á pọ́n bí ẹni fi osùn kunra. Tó bá wá di òru, ẹni tó bá dúró lábẹ́ igi ò ní ojú mọ́, eyín àti ẹyinjú rẹ̀ nìkan la máa ń rí. Màmá mi wá kí wa láti Ìlawẹ̀, wọ́n ń bi mí pé ta ló ń sọ̀rọ̀.

Ìṣòro kejì ni pé ìrìn àwọn èèyàn inú eré ń yọ̀ bọ̀rọ́bọ̀rọ́. Eré tí wọ́n náwó gidi lé lórí, ó wá dà bíi pé wọ́n ń ka ìròyìn ní sítúdíò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, kí ni kí n tẹ̀, kí ni kí n fi sílẹ̀?

Ẹlẹ́rọÌfàkì
Àbúrò, fọkàn balẹ̀, tẹlifíṣàn rẹ ò bàjẹ́. Ìmúra ṣọ́ọ̀bù ló ṣì wà lára rẹ̀. Iṣẹ́ títún tẹlifíṣàn ṣe ni mo ń ṣe ní Ìfàkì, ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n sì ń gbé wá fún mi pé àwòrán rẹ̀ ò dáa, ohun tó ń ṣe é ò ju èyí lọ.

Àwọn tó ń ṣe é mọ̀ pé abẹ́ iná funfun tó mọ́lẹ̀ rokoṣo ni wọ́n máa tò ó sí, òun àti ọ̀pọ̀ mìíràn. Kí ojú oníbàárà lè lọ sọ́dọ̀ tiwọn, wọ́n á gbé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ dé òpin, wọ́n á fi búlúù kún funfun rẹ̀, wọ́n á sì da àwọ̀ lé e lórí. Vivid tàbí Dynamic lórúkọ tó máa ń jẹ́. Ó dáa fún ṣọ́ọ̀bù. Nínú pálọ̀ lálẹ́, ó ń ba fíìmù jẹ́ ni.

Wọ Settings, lọ sí Picture, kó o wá Picture Mode. Mú Movie tàbí Cinema. Bó o bá rí Filmmaker Mode, òun ni kó o mú. Ọdún 2019 ni UHD Alliance, ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn àti ti fíìmù, kéde rẹ̀, àwọn adarí eré bíi Martin Scorsese, Christopher Nolan àti Ryan Coogler sì wà lára àwọn tó tì í lẹ́yìn. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń pa gbogbo àfikún tí tẹlifíṣàn fẹ́ ti ara rẹ̀ fi sí eré. Bó o bá ṣe èyí nìkan tó o lọ sùn, o ti ṣe ju ìdajì iṣẹ́ náà lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, pa Dynamic Contrast, pa Noise Reduction, pa ohunkóhun tó bá ń jẹ́ Eco, Energy Saving tàbí Ambient Light. Yàtọ̀ sí Noise Reduction, àwọn yẹn ló máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ sókè sódò láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan rìmóòtù.

Sharpness ńkọ́? Gbé e wálẹ̀. Àwọn èèyàn rò pé bó bá ṣe pọ̀ tó ni àwòrán á ṣe mọ́ tó, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìlà tín-ín-rín ló ń fà yí etí nǹkan ká. Wá ibi tí bàbá kan ti dé fìlà, tí ojú ọ̀run wà lẹ́yìn rẹ̀. Sún mọ́ ọn. Bí o bá rí ìlà funfun kan tó tẹ̀ lé etí fìlà náà yíká, Sharpness ti pọ̀ jù nìyẹn, kámẹ́rà kọ́ ló ya ìlà yẹn. Lórí ọ̀pọ̀ tẹlifíṣàn, 0 tàbí ibi tó sún mọ́ ọn ló dáa. Lórí Sony tuntun, 50 ni ibi tí kò ti fi nǹkan kan kún un.

Mò ń bọ̀ wá sórí ọ̀rọ̀ òru yẹn, ó gba àlàyé. Jẹ́ kí n parí iṣẹ́ kan tó wà lọ́wọ́ mi ná.

TísàÌkẹ́rẹ́
Ẹlẹ́rọ, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jẹ́ kí n gba ti ìrìn bọ̀rọ́bọ̀rọ́ yẹn.

Fọ́tò 24 ni fíìmù máa ń ní nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Látìgbà tí sinimá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, lápá ìparí àwọn ọdún 1920, ni wọ́n ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ sórí iye yẹn, ojú wa sì ti mọ̀ ọ́n mọ eré. Tẹlifíṣàn ní tirẹ̀ ń tún ojú rẹ̀ yà ní ìgbà 50, 60, tàbí 120 nínú ìṣẹ́jú àáyá kan náà. Ó wá rí i pé àyè ṣófo láàárín fọ́tò kan sí èkejì, ó sì ń fúnra rẹ̀ ya fọ́tò tí ẹnikẹ́ni ò yà, ó ń fi wọ́n dí àyè náà. Ìdí nìyẹn tí eré fi ń dà bí ìròyìn, torí pé kámẹ́rà sítúdíò tí wọ́n fi ń ka ìròyìn máa ń yà ju 24 lọ.

Lórí LG, TruMotion ló ń jẹ́. Lórí Sony, Motionflow. Lórí Samsung, Picture Clarity, èyí tó ń jẹ́ Auto Motion Plus tẹ́lẹ̀. Bó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ mìíràn ló ṣe tìrẹ, wá ohunkóhun tí Motion bá wà nínú orúkọ rẹ̀, kó o pa á. Ọ̀rọ̀ yìí dun àwọn tó ń ṣe eré débi pé ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, Tom Cruise àti adarí eré Christopher McQuarrie jọ ṣe fídíò kan tí wọ́n fi bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n pa á nílé wọn.

Bó bá jẹ́ bọ́ọ̀lù lo fẹ́ wò, o lè tàn án padà. Bọ́ọ̀lù kì í ṣe fíìmù, kò sí ohun tó bàjẹ́ níbẹ̀.

ÌyáÌbejìÌjerò
Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ọmọ mi. Èmi ò mọ ohun tó ń jẹ́ Picture Clarity, ṣùgbọ́n léèsì ni mò ń tà, mo sì mọ bí léèsì ṣe ń rí. Tí wọ́n bá ń ṣe ìgbéyàwó nínú eré, aṣọ ni mo máa ń wò. Lórí tẹlifíṣàn ilé wa, léèsì funfun ìyàwó ò yàtọ̀ sí téru. Kò sí ihò, kò sí òdòdó, kò sí òkúta tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, gbogbo rẹ̀ kàn funfun báláú ni. Ṣé ọ̀rọ̀ kan náà ni pẹ̀lú èyí tí ọmọ Adó ń sọ?

Ẹlẹ́rọÌfàkì
Màmá, ẹ ṣé gan-an ni. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ẹ̀yin mú òkè rẹ̀, àbúrò mi mú ìsàlẹ̀ rẹ̀. Èyí tẹ́ ẹ sọ yẹn ni ìdánwò tó dáa jù tí mo tíì gbọ́ fún Contrast, mo sì máa máa fi han àwọn oníbàárà mi.

Contrast ló ń sọ ibi tí funfun máa dé. Tí ó bá ga jù, gbogbo ohun tó funfun á kún, ohun tó wà nínú funfun náà ò ní hàn mọ́. Ẹ wá ibi tí ìyàwó ti wọ léèsì nínú oòrùn, ẹ dá eré náà dúró, ẹ máa dín Contrast kù díẹ̀díẹ̀. Ihò léèsì á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà ni òdòdó ara rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ibi tí aṣọ ti ká sára wọn lápá. Tí gbogbo rẹ̀ bá ti yọ, ẹ dúró, ẹ má dín in kù mọ́, kí funfun má baà di àwọ̀ eérú.

Ó wá ku òru. Ohun méjì ló wà níbí tí àwọn èèyàn ń pọ̀ mọ́ra wọn. Backlight ni iná tó wà lẹ́yìn ojú tẹlifíṣàn, bó ṣe mọ́lẹ̀ tó. Brightness kì í ṣe iná, òun ló ń sọ ibi tí dúdú ti bẹ̀rẹ̀. (Àwọn Sony tuntun yàtọ̀: iná ni Brightness tiwọn, Black Level ni èyí tó ń sọ ibi tí dúdú ti bẹ̀rẹ̀ ń jẹ́ lórí wọn.) Bí fíìmù bá ṣókùnkùn jù, ọ̀pọ̀ èèyàn á gbé Brightness sókè, dúdú á wá di eérú, gbogbo àwòrán á ṣá. Àwọn mìíràn á gbé e wálẹ̀ pátá kí dúdú lè dú mìnìmìnì, ojú òṣèré á sì bá a lọ.

Ojú àwa èèyàn dúdú ló sì máa ń kọ́kọ́ lọ. Àwọn tó ń ṣe àlàyé lórí íntánẹ́ẹ̀tì sábà máa ń fi ojú òyìnbó ṣe ìdánwò. Ojú òyìnbó lè wà síbẹ̀ kí Brightness ti lọ sílẹ̀ jù, wọn ò ní mọ̀. Tiwa ò ní fara gbà á. Torí náà, fíìmù tiwa ni kẹ́ ẹ fi ṣe é.

Ẹ ṣe é lálẹ́, kẹ́ ẹ fa kọ́tìnì, kẹ́ ẹ pa gílóòbù tó wà níwájú tẹlifíṣàn. Ẹ wá ibi tí ẹnì kan tó dúdú dáadáa ti wà nínú òkùnkùn, tí àtùpà tàbí iná díẹ̀ ń kan ẹ̀gbẹ́ ojú kan. Ẹ dá a dúró. Ẹ gbé Brightness wálẹ̀ títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí iná ò kàn yẹn fi máa wọnú òkùnkùn lọ. Ẹ wá máa gbé e sókè lọ́kọ̀ọ̀kan. Etí ló sábà máa ń kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn náà àgbọ̀n, lẹ́yìn náà ẹ̀yìn ọrùn á ya ara rẹ̀ kúrò lára ògiri, tó bá sì wọ agbádá dúdú, ẹ máa rí ibi tó ṣẹ́ ẹ lé èjìká. Ẹ máa fojú sí ọ̀pá dúdú méjèèjì tó wà lókè àti nísàlẹ̀ fíìmù, àwọn yẹn gbọ́dọ̀ dúdú pátápátá. Níbi tí ọ̀pá yẹn bá ti fẹ́ máa di eérú, ẹ padà sẹ́yìn ẹyọ kan. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi í sí.

TísàÌkẹ́rẹ́
Fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe é lọ́nà tí wọ́n fi ń ṣe é ní ilé iṣẹ́: nọ́ńbà ni wọ́n fi ń sọ bí ibì kọ̀ọ̀kan nínú fídíò ṣe mọ́lẹ̀ tó, 16 ni dúdú, 235 sì ni funfun. Àwọn àwòrán ìdánwò kan wà tó ń jẹ́ AVS HD 709, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ gbé e sórí fúláàṣì, ẹ fi sẹ́yìn tẹlifíṣàn. Nínú ti dúdú, àwọn ọ̀pá kan á máa ṣẹ́jú. 17 lọ sókè gbọ́dọ̀ máa hàn fírífírí, 16 lọ sísàlẹ̀ ò gbọ́dọ̀ hàn. Ti funfun wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ọ̀pá 234 wálẹ̀ gbọ́dọ̀ hàn. Bẹ́ ẹ bá ti fi ojú èèyàn àti léèsì ṣe é, ẹ máa rí i pé ibi kan náà lẹ máa bá ara yín.

ỌmọẸ̀fọ̀n
Mo ti gbé tèmi sí Cinema, ṣùgbọ́n gbogbo nǹkan ló pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Àwọn ọmọ ní kí n tètè dá a padà. Mi ò rò pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

TísàÌkẹ́rẹ́
Ọmọ Ẹ̀fọ̀n, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Funfun tí wọ́n fi ń ṣe fíìmù tí à ń wò lórí tẹlifíṣàn ni wọ́n ń pè ní D65, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 6500 Kelvin (K), ìyẹn ìwọ̀n àwọ̀ iná. Nínú Color Temperature tàbí Color Tone lórí ọ̀pọ̀ tẹlifíṣàn, Warm ló sún mọ́ ọn jù, tàbí Warm 2 níbi tí wọ́n bá pín in sí méjì. Cool tí ojú wa ti mọ́ lára ló ní búlúù jù. Fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, má fọwọ́ kàn án. Tó o bá wá dá a padà sí Cool lẹ́yìn ìyẹn, o máa rí i pé búlúù ti kún bo gbogbo rẹ̀. Ojú èèyàn ni kó o fi dá a mọ̀: nínú Cool, awọ wa máa ń ṣú, á fẹ́ di eérú. Pupa tó wà lábẹ́ awọ dúdú, èyí tó ń jẹ́ ká mọ̀ pé ara ẹni náà le, Warm ló ń fi hàn.

ỌmọẸ̀fọ̀n
Mo gbọ́, ṣùgbọ́n Warm 1 ni màá lò. Ojú tèmi ò gba Warm 2.

Ẹlẹ́rọÌfàkì
Kò burú. Warm 1 ti sàn ju Cool lọ fíìfíì.

Ohun kan tún ni pé bí pálọ̀ bá ṣókùnkùn biribiri, ojú á tètè rẹ̀ yín. Ẹ fi gílóòbù kékeré kan sẹ́yìn tẹlifíṣàn, kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kan ògiri, kó má kan ojú yín. Ẹ ò ní láti wá a jìnnà. Ẹ wo páálí gílóòbù tí wọ́n ń tà lọ́jà wa, 6500K ló wà lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, àwọ̀ tí Tísà ń sọ gan-an nìyẹn.

AráÌkọ̀lé
Ẹ̀gbọ́n Ẹlẹ́rọ, ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè méjì. Iná tiwa níbí máa ń lọlẹ̀ gan-an lálẹ́, fáànù kì í lè yí dáadáa. Ṣé kí n gbé Backlight sókè nígbà yẹn? Ìkejì, òkè ògiri, nítòsí síìlì, la gbé tiwa kọ́ nítorí àwọn ọmọ. Ṣé ó ń ṣe àwòrán ní nǹkan kan?

Ẹlẹ́rọÌfàkì
Má gbé e sókè. Yí ẹ̀yìn tẹlifíṣàn, ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ tẹlifíṣàn LED, wàá rí AC 100-240V. Ìyẹn ni pé bí iná bá sọ̀ kalẹ̀ sí 160, ẹ̀rọ inú rẹ̀ á ṣì fún un ní ohun tó nílò, àwọ̀ àti ìmọ́lẹ̀ ò ní yí padà bíi ti gílóòbù onírin àtijọ́. Ohun tó ń pa á ni iná tó bá já wọlé lẹ́ẹ̀kan náà lẹ́yìn tí wọ́n bá mú un lọ, àti àrá. Tí òjò bá ti ṣú, yọ ọ́ kúrò lára ògiri, yọ wáyà dìkódà àti ti áńtẹ́nà pẹ̀lú. Èyí ṣe pàtàkì ju gbogbo ohun tí a ti ń sọ bọ̀ lọ, torí mo ti rí èyí tí wọ́n tún àwòrán rẹ̀ ṣe dáadáa, tí àrá sì jó bọ́ọ̀dù rẹ̀.

Ti òkè ògiri, bẹ́ẹ̀ ni, ó ń ṣe nǹkan. Jókòó sí àga rẹ, wo ibi tó ṣókùnkùn nínú eré. Wá dìde dúró kí ojú rẹ bá ti tẹlifíṣàn dọ́gba. Bí dúdú bá dú sí i nígbà tó o dìde, gíga tó o gbé e kọ́ ló fà á. Irin ìkọ́ kan wà tó ń jẹ́ kó dorí kodò díẹ̀, lò ó bí o ò bá lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Àti jíjìnnà: fún 43 ínǹṣì, bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà ló tó. Ọ̀pọ̀ pálọ̀ tí mo ń wọ̀, ògiri kejì ni àga wà.

ỌmọỌ̀yẹ́
Ẹ kú àlàyé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Yunifásítì Ọ̀yẹ́ ni mo wà. Ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé kò sí sẹ́tíǹgì tó lè tún fíìmù 360p ṣe. Nínú òru ni dátà tó kéré ti máa ń hàn jù, òkùnkùn á pín sí àpótí àpótí, á máa mì. Bó bá jẹ́ pé ẹ ò fẹ́ náwó dátà, ẹ wa eré náà sílẹ̀ ní 1080p lóru nígbà tí dátà bá dínwó, kẹ́ ẹ tó wò ó.

Bákan náà, tí HDR tàbí Dolby Vision, irú fídíò tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ga ju ti lásán lọ, bá yọ lójú ẹ̀rọ, sẹ́tíǹgì tirẹ̀ dá wà lọ́tọ̀. Ẹ tún Picture Mode yàn níbẹ̀. Tẹlifíṣàn olówó pọ́ọ́kú lè gba HDR kó má sì ní ìmọ́lẹ̀ tí HDR ń fẹ́. Wọ́n sábà máa ń ṣe fíìmù HDR fún ìmọ́lẹ̀ tó tó 1000 nits (nits ni wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀), ti lásán ò ju 100 lọ. Bí HDR bá ṣókùnkùn lórí tiyín, ẹ wo ti lásán, kò sí ìtìjú níbẹ̀.

ỌmọAdó
Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo ti ṣe gbogbo rẹ̀. Fíìmù orí fúláàṣì ti dára, ìrìn wọn ti padà dà bí eré, àwọ̀ ara wọn sì ti bọ̀ sípò. Ṣùgbọ́n tí mo bá fi wáyà HDMI so kọ̀ǹpútà alágbèéká mi mọ́ ọn, òru ṣì ń gbé ojú wọn mì. Fíìmù kan náà ni o.

Ẹlẹ́rọÌfàkì
Ìwọ ló dáhùn ìbéèrè rẹ. Fíìmù kan náà, ojú ọ̀nà ọ̀tọ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, ojú ihò kọ̀ọ̀kan tí à ń ki wáyà bọ̀ ló ní sẹ́tíǹgì tirẹ̀ lórí ọ̀pọ̀ tẹlifíṣàn. Ohun tó o ṣe fún fúláàṣì lè má kan HDMI 1. Wọ ibẹ̀, kó o tún un yàn.

Bí kò bá tíì yọ, rántí 16 àti 235 tí Tísà sọ. Kọ̀ǹpútà máa ń fi 0 dé 255 ránṣẹ́. Bí tẹlifíṣàn bá rò pé 16 dé 235 ló ń bọ̀, gbogbo ohun tó wà lábẹ́ 16 ló máa kà sí dúdú, ojú òṣèré á bá a lọ. Nínú Settings tẹlifíṣàn, wá HDMI Black Level tàbí Black Level, fi sí Auto. Bí Auto ò bá sí, yí i kúrò lórí èyí tó wà, kó o gbìyànjú ìkejì. O tún lè lọ sí sẹ́tíǹgì káàdì àwòrán kọ̀ǹpútà náà, kó o yí Output Dynamic Range sí Limited. Ohun tó ṣe kókó ni pé kí àwọn méjèèjì máa sọ ohun kan náà. Má fi Brightness tún èyí ṣe: bí tẹlifíṣàn rẹ ò bá ya sẹ́tíǹgì ihò kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, wàá ba ti fúláàṣì jẹ́.

ỌmọAdó
Ó ti yọ! Black Level ni. Màmá ní kí n kí yín.

ÌyáÌbejìÌjerò
Ẹ bá mi kí màmá yín. Ẹlẹ́rọ, ọmọ mi, tiwa ti dára lánàá, mo rí ihò léèsì. Lónìí tí mo tàn án, ó ti tún padà sí ti tẹ́lẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì fọwọ́ kàn án.

Ẹlẹ́rọÌfàkì
Màmá, ó jọ pé Store Mode ló wà, tàbí Retail Mode, èyí tí wọ́n fi ń pàtẹ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Tó bá wà níbẹ̀, á máa dá gbogbo sẹ́tíǹgì padà fúnra rẹ̀. Ẹ ní kí ọ̀kan nínú àwọn ìbejì wá Usage Mode tàbí Store Mode nínú Settings, lábẹ́ General tàbí System, kó yí i sí Home. Ẹ ṣe é ṣáájú, kẹ́ ẹ tó tún Contrast ṣe. Bí ẹ ò bá rí i, ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn tẹlifíṣàn náà síbí, màá sọ ibi tó wà fún yín.